Bá mi yí àwo yẹn sẹ́yìn

Ìyá Onírẹ́kọ́ọ̀dù ń dáhùn ìbéèrè yín lórí orin, láti Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Tíṣà ni mí ní Adátán. Lọ́dún tó kọjá tí bàbá mi ń kó kúrò nílé àtijọ́, wọ́n kó àwo orin wọn lé mi lọ́wọ́: Ebenezer Obey, Àyìnlá Ọmọwúrà, Haruna Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Fẹlá, gbogbo rẹ̀ lé ní 200. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ, mo sì pinnu pé n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tojú tẹ̀yìn. Ìyá, ó yà mí lẹ́nu. Bí mo bá rí ọ̀kan tó wọ̀ mí lára, mẹ́ta mẹ́rin á tẹ̀lé e tí n kò ní rántí nǹkan kan nínú wọn bí mo bá ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Obey tó kọ “Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́” náà ló tún ń ka orúkọ àwọn olówó títí ojú àwo á fi tán. Mo sọ fún bàbá mi pé ó jọ pé àwọn àgbà olórin yìí kì í fi gbogbo ara ṣiṣẹ́. Wọ́n bínú, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣé mo ṣì í sọ ni? Kí ló ń mú kí olórin ńlá kọ orin tí kò nílàárí?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ bẹ bàbá rẹ ná. Owó ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ra àwo wọ̀nyẹn. Bóyá ìgbà tí wọ́n ń lọ fẹ́ ìyá rẹ ni wọ́n ń gbọ́ nínú ohun tí ìwọ ń gbọ́ bí orúkọ olówó. Tó o bá ti bẹ̀ wọ́n tán, padà wá, ká jọ sọ ọ́.

Ohun tó o gbọ́, òótọ́ ni. N kò ní torí pé mo fẹ́ràn àwọn olórin wọ̀nyí kí n wá parọ́ fún ọ. Láti 1972 ni mo ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Láfẹ́ńwá níbí, a ò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin, títí kásẹ́ẹ̀tì fi gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta àwo mọ èyí tí kò dùn ju ẹni tó ń rà á lọ, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ló máa ń gbé. Àwo tó dùn kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù. A ó já páálí rẹ̀ lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́ àwọn awakọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ti rà á tán. Àwọn yòókù á wà lórí pákó, eruku á bò wọ́n, àwòrán iwájú wọn á máa ṣá nínú oòrùn títí agbádá pupa tí olórin wọ̀ á fi di aláwọ̀ ọsàn. Olórin kan náà ni o, tàná tàná ni ohùn rẹ̀ wà, ìlù rẹ̀ kò yí padà. Àwo yẹn kàn wà níbẹ̀ ni, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Wo bí àwo fúnra rẹ̀ ṣe gùn tó. Àwọn ti àtijọ́, èyí tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí abọ́ tánganran, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú kan rẹ̀ ń gbà. Olórin tó bá wọlé lọ gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó ká a lára jù ló máa sọ, torí kò sí àyè. Nígbà tí elépìì dé, ojú kan di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilé iṣẹ́ tó ń gbé e jáde sì ń béèrè òmíràn kí èyí tó wà lọ́jà tó gbóná. Láàárín àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn, ọdún kan kì í parí kí Obey má gbé àwo méjì mẹ́ta jáde, bẹ́ẹ̀ ni òde àríyá ò jẹ́ kó sinmi. Ọkàn ta ló máa so lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tí gbogbo èso rẹ̀ á dùn bákan náà? Ọbẹ̀ tó tó ìkòkò kékeré ni wọ́n bomi là kó lè kún ìkòkò ńlá. Ìwọ tọ́ ọ wò, o ní omi ti pọ̀ jù níbẹ̀. Irọ́ kọ́.

Àmọ́ inú ìkánjú yẹn kan náà ni “Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́” ti jáde, ní 1973. Kò sí ẹni tó ní kí ọkùnrin yìí lọ jókòó fún ọdún mẹ́ta kó fara balẹ̀ ronú sí ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọn ò lè fi tẹ́ aráyé lọ́rùn. Àárín àwọn àwo tó o ń ráhùn sí ló ti bọ́ sílẹ̀, ẹnu kan náà, ọwọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé wọn kì í fi gbogbo ara ṣiṣẹ́. Gbogbo ara ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yẹn ló pọ̀ ju ara lọ.

Ní ti Àyìnlá, ọmọ Ìtòkò tiwa, mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ó ní àwo kan tó ń jẹ́ “Owó Tuntun”. Bóyá ìwọ gbọ́ ọ, o ní, kí ló kàn mí pẹ̀lú owó tí wọ́n pààrọ̀ kí wọ́n tó bí mi? Èmi wà lọ́jà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 1973. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, àwa obìnrin Láfẹ́ńwá ò sì sùn. Ìyá kan tó ń ta gaàrí ní ẹ̀gbẹ́ mi so owó tuntun tó gbà mọ́ etí aṣọ kan, ó so ti tẹ́lẹ̀ mọ́ etí kejì. Ṣaájú kó tó ṣẹ́ ṣéńjì fún èèyàn, á kọ́kọ́ tú méjèèjì, á kà á sókè, á tún pè mí wá kà á. Orin tó bá mẹ́nu ba owó yẹn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, a ò bi í pé ṣé ó máa pẹ́ láyé. A ń fẹ́ ẹni tó máa bá wa sọ ọ́ lédè wa, kí ẹ̀rù lè dín kù. Orin náà ṣiṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ojú wa mọ́ náírà tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ìyá mi, tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, wà lára àwọn obìnrin tó lọ dúró níwájú ààfin Aké láyé ìjà owó orí, nígbà tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó wọn jọ, láti 1947 títí Aláké fi fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù Kìíní, 1949. Orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, tọ̀sán tòru. Wọ́n ń dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan á lé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á gbè é. Nígbà tí ìyá mi dàgbà tán, tí mo ní kí wọ́n kọ àwọn orin yẹn fún mi, bíi mẹ́ta péré ni wọ́n rántí, ìkẹta ò sì parí. Ìyókù ti lọ. Ṣé kí n wá pè wọ́n ní orin tí kò nílàárí, nígbà tó jẹ́ pé lára wọn ló lé owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin?

Ti orúkọ àwọn olówó ló kàn báyìí, òun gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Obìnrin kan wà láti Ìtòkò tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kì í ra nǹkan. Á jókòó lórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á mú ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà, á ní, “Ìyàwó, bá mi yí àwo yẹn sẹ́yìn.” Àwo sákárà kan ni. Ojú kìíní rẹ̀ dùn, ó sì ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi kì í gbé sí i fún oníbàárà gbọ́, torí orúkọ lásán ló kún ibẹ̀, ìlù ń lọ bọ̀ síbì kan náà, bíi pé ẹni tó ń lù ú ti ń ronú ilé. Láàárín ẹ̀yìn àwo yìí, olórin dárúkọ ọkùnrin kan tó ń ta obì ní Kútọ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti pé ilé rẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Kò gùn tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan. Ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti kú sójú ọ̀nà Ṣàgámù, kò sì fi fọ́tò kankan sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

Màá gbé abẹ́rẹ́ lé e. Obìnrin náà á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókún. Tí wọ́n bá dárúkọ yẹn, á dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “Ẹ ṣeun o,” bí ẹni pé olórin wà níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Màá tún gbé e padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á wọ bàtà rẹ̀, á kí mi, á sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Àwo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ara rẹ̀ dúdú, àfi ibì kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, tó fẹ̀ tó èékánná ìka tó kéré jù, tó ti funfun níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń bọ́ sílẹ̀. Látìgbà náà, bí wọ́n bá bi mí pé orin wo ni kò dára, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ó ku àwọn tí n kò lè gbèjà, tí ìdí wọn ò sí níbì kankan ju pé orin ò wá lọ́jọ́ náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938, n kò sì ní torí ìyẹn fọwọ́ bò ó. Ní 1969 òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé ń jà nílé, ó sì gba orin kan sílẹ̀ tó pè ní “Viva Nigeria”, pé kí orílẹ̀-èdè wa wà ní ọ̀kan. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń kà lórí rédíò ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bo orúkọ rẹ̀, o ò ní mọ̀ pé Fẹlá ni. Ohun tó mú kí n máa ronú sí i ni pé ní ìlú yẹn kan náà, lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ yẹn kan náà gba “My Lady Frustration” sílẹ̀, orin tí wọ́n máa ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni Afrobeat ti bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, “Jẹun K’óo Kú” ti gba gbogbo ìlú. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà wà lójú ọ̀nà ní 1969, ó ń wá ilẹ̀ tó le. Ibi tó rọ̀ ló fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú “Viva Nigeria”.

Olórin fúnra rẹ̀ kì í sì í sábà mọ èyí tó máa dúró. Haruna Ìṣọ̀lá kọrin Ọba Adébóyè, Orímolúṣì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, sínú àwo ní 1948, ọjà ò gbà á. Nígbà tí ọba náà wàjà, ó tún orin ọba yẹn gbé jáde ní 1955, àtibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ọba kan náà, olórin kan náà. Ikú ló dé sáàárín. Ọmọ mi tó wà lókè òkun sọ fún mi nípa Bob Dylan ti Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 2016, pé ó gba orin kan sílẹ̀ ní 1983, “Blind Willie McTell”, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kà mọ́ èyí tó dára jù tó kọ rí. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àwo rẹ̀ tọdún yẹn. 1991 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ọdún mẹ́jọ ni orin náà fi wà nínú òkùnkùn, àwọn tí kò tó o sì ń bẹ lọ́jà.

Nítorí náà, má tún gbọ́ àwo mẹ́wàá tẹ̀ lé ara wọn mọ́. Wọn ò ṣe é fún irú ìgbọ́ bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀kan sí i ní ìrọ̀lẹ́, kó o sì pe bàbá rẹ. Tí orúkọ bá jáde, bi wọ́n pé ta nìyẹn. Èyí tí bàbá rẹ ò bá mọ̀, tí kò dùn sí wọn, tí kò dùn sí ọ, kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀. Bóyá ó wà lára àwọn tí eruku bò ní ṣọ́ọ̀bù mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún tó kọjá mo kọ orin ìkórè kan, gbogbo ìjọ gbà á, àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lójú títì. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí n kọ òmíràn, oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìkórè, ìjọ ò gbè é. Ọ̀gá akọrin wa sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ti àkọ́kọ́ yẹn kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Mo ti kó ìwé orin mi sínú àpótí. Mo fi orin méjèèjì ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú sol-fa wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ohun tí ọ̀gá yẹn sọ ò dáa, ibi tó sì ti sọ ọ́ ló burú jù. Gbé ìwé rẹ jáde.

O mọ “Gbọ́ ẹ̀dá ọ̀run ńkọrin” tí à ń kọ ní Kérésìmesì. Charles Wesley ló kọ ọ́ ní 1739. Ẹni yìí kọ orin mímọ́ tó lé ní 6,000. Ṣí ìwé orin rẹ, ka iye tí ìjọ yín ń kọ nínú rẹ̀, mo rò pé ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ máa tó ọ kà. Èyí tó gbayì jù nínú wọn pàápàá, kì í ṣe bó ṣe kọ ọ́ là ń kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ ń sọ bí gbogbo òfurufú ṣe ń dún, ó sì lo ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó le lẹ́nu. George Whitefield, oníwàásù bíi tirẹ̀, ló yí i padà ní 1753, tó fi áńgẹ́lì síbẹ̀. Wesley, àgbà nínú àwọn tó ń kọ orin, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ò gbé e dé ibi tó ń lọ.

Fanny Crosby tó kọ “Má kọjá mi, Olùgbàlà”, tí kò ríran láti kékeré, kọ ju 8,000 lọ. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó ń tẹ ìwé orin ń fi orúkọ mìíràn sí i, tó tó 200, kó má bàa dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo ìwé náà. Mélòó lo mọ̀ nínú 8,000? Síbẹ̀, obìnrin tó kọ “Má kọjá mi” ò kọ ọ́ kó wá fọwọ́ lẹ́rán. Ó jí lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ òmíràn, bóyá tọjọ́ kejì ò sì dùn.

Ní báyìí, òótọ́ tó o béèrè. Mo ka orin rẹ kejì, mo sì kọ ọ́ fúnra mi lórí sol-fa tó o fi ránṣẹ́, ohùn áátò ni mo ń kọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹsẹ kìíní, gbogbo rẹ̀ la ti gbọ́ rí. “Ọba ògo”, “Ọba tó dá wa sí”, ọ̀rọ̀ tó ń bẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn ni, o kàn tò wọ́n. Ìgbà tó o kọ ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́. Ìgbà tó o kọ èyí, o ti mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́ ọ, o sì ń wá ohun tó máa wù wọ́n. Oṣù mẹ́ta yẹn, mo rò pé ìbẹ̀rù lo fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣe.

Ẹsẹ kejì ni ìyá arúgbó kan ti gbé igbá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá síbi ìkórè, tí ìrì ṣì wà lára ewé rẹ̀. Ọmọ mi, mo dìde dúró nígbà tí mo kà á. Ìwọ ló rí obìnrin yẹn. Kò sí nínú ìwé orin kankan. Ṣùgbọ́n wo ohun tó o ṣe fún un: “igbá” yẹ kó lọ láti àárín sókè, bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Ìwọ fi dò méjì tó wà nísàlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni etí ìjọ gbọ́ “ìgbà”. Ìyá arúgbó gbé ìgbà ẹ̀fọ́ wá! Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa gbè. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra orin rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ ló pa rẹ́ lójú ọ̀nà láti ẹnu rẹ dé etí wọn. Orin àkọ́kọ́ rẹ ò ní irú àbùkù yẹn níbì kankan, ohùn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi rí i kọ lójú títì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílùú wa. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin mímọ́ wá sí Aké, ohùn òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tiwa kọ ọ́. Ní 1922 ó lọ sí London, ó sì gba orin tó lé ní 40 sílẹ̀ sínú àwo. Wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀. Má gbọ́ dùùrù, gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ń gùn sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gùn. Gbogbo wọn kọ́ ló dùn bákan náà, ìwọ náà á gbọ́ ọ.

Ìyá mi, tí mo ti dárúkọ wọn lókè, kì í ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ rọ, kò dúdú, kò funfun, àlejò á ní aṣọ ti bàjẹ́. Ìyá mi á tẹ́ ẹ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa níbẹ̀. Wọ́n á tún rì í. Wọ́n á tún sá a. Èyí tó o gbé lọ síwájú ìjọ, rírì kìíní nínú aró ni. Ju ẹsẹ kìíní nù pátá. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó. Tó o ò bá tíì rí ọ̀rọ̀ tó tọ́ síbì kan, fi èyíkéyìí dí àyè ibẹ̀ ná. Ọ̀gbẹ́ni Paul McCartney, olórin Beatles ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó rí ohùn orin “Yesterday”, kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un, ẹyin díndín ló ń kọ níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ gidi fi dé, ó sì jáde ní 1965. Tó o bá tún un kọ tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Ìkórè tó ń bọ̀ ṣì jìnnà.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa parí ìjà kan ní Pànsẹ́kẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní àwo àkọ́kọ́ tí Sunny Adé gbé jáde kò tà ju 13 lọ. Mo ní irọ́ ni.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín jàre. Ọba Sunny fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. “Àlàánú l’Olúwa” ni àwo náà, 1967. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ “Challenge Cup”, orin bọ́ọ̀lù, tí gbogbo èèyàn rà. Ẹ tún fi èyí kún un fún ọ̀rẹ́ yín: ní 1984, tó ti di ẹni tí ayé mọ̀, ó gbé “Aura” jáde pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òyìnbó, Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀, ọjà tí wọ́n retí kò wá, ilé iṣẹ́ náà sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó padà wálé, ó ń kọrin lọ. Èmi ò tíì rí ọ̀kan nínú 13 yẹn rí. Ẹni tó bá ní i nílé ní Abẹ́òkúta, kó jẹ́ kí n wá wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀mọ̀ fi àwo àtijọ́ tó wúwo yẹn sílẹ̀, bíi ogójì. A ò mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó àwọn tí kò lórúkọ dànù. Kí la lè fi nù wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ má kó ọ̀kankan dànù. Ẹ má fi sípírítì nù wọ́n rárá, ó máa ń jẹ ara irú àwo yẹn, kódà tí kò bá ṣe àwọn elépìì ní nǹkan. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi mímọ́ díẹ̀ rin ti tó, kí ẹ tẹ̀ lé bí ojú ìlà rẹ̀ ṣe yípo, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ìwé àárín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ tò wọ́n lóròó, bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn lórí, torí ó máa ń fọ́. Kí ẹ sì lọ wá àgbà kan ní àdúgbò yín tó lè gbọ́ wọn pẹ̀lú yín. Èyí tó bá dárúkọ ẹnì kan tí àgbà náà mọ̀, ẹ kọ orúkọ yẹn sára páálí rẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò ẹni náà. Ẹ yọ àwo kúrò nínú páálí kí ẹ tó kọ ọ́, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ sì fi kọ ọ́, torí bírò máa ń rọ́ kọjá sínú.